Ajá ìbílẹ̀ tàbí German Shepherd: èwo ló yẹ ilé ọlọ́mọ l'Ákùúrẹ́?

German Shepherd gbọ́n, ó sì tètè ń gbẹ̀kọ́. Ní 1899 ni wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Jámánì, ajá adaran ni. Ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ lè wọn kílò 40, irun rẹ̀ sì ki. Lọ́sàn-án oṣù Kejì l'Ákùúrẹ́, ṣe ni tèmi ń nà gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì, tí ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Bó bá ń ṣeré, ó lè gbé ọmọ ọdún mẹ́ta ṣubú. Ti owó ẹran, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Ajá ìbílẹ̀ ńkọ́? Oòrùn wa ti mọ́ ọn lára, ìwọ̀nba oúnjẹ sì tó o. Àléébù rẹ̀ ni ìrìnkiri, ibẹ̀ ló ti ń kó eégbọn wálé. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, dandan ni fáwọn méjèèjì. Nílé tọ́mọ ṣì kéré, ajá ìbílẹ̀ lèmi á mú, bí ilé náà bá ní géètì.