Àyẹ̀wò GIMP: Ṣíṣe èèpo magasíìnì tó jọ ojúlówó ní Ẹ̀pẹ́

Ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ ìlú Ẹ̀pẹ́ lásìkò yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn dé ibi ọjọ́ ìbí àgbàlagbà kí ó má bá àwòrán ọlọ́jọ́ ìbí náà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ti ṣe é bí èèpo ìwájú magasíìnì, tí wọ́n sì ti fi férémù sí i. Púpọ̀ nínú wọn ni kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, torí pé ètò orí fóònù ni wọ́n fi ṣe wọ́n: orúkọ magasíìnì ilẹ̀ òkèèrè kan wà lókè, àwòrán wà láàárín, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò kan ọlọ́jọ́ ìbí rárá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni GIMP, sọ́fítíwíà ìtúnwòrán-ṣe tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí mo fi dán an wò ni èèpo tí àwọn ọmọ ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní kí n bá wọn ṣe fún ọgọ́ta ọdún màmá wọn. Wọ́n fẹ́ kí ó rí bí èyí tí ènìyàn lè rà lọ́wọ́ oníwèé ìròyìn, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Èrò tèmi ni pé GIMP tó iṣẹ́ náà ṣe dáadáa, pàápàá jù lọ níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀ káàtó níbi àwọ̀ ìtẹ̀wé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ GIMP ní ọdún 1995 ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley, láti ìgbà náà ni àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni sì ti ń tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ìbáà jẹ́ Windows, Mac tàbí Linux ló ń lò. Photoshop tí gbogbo ayé mọ̀ ti di ohun tí à ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù láti ọdún 2013, owó bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí oníṣẹ́ kékeré tó ń ṣe èèpo kan lọ́sẹ̀ lè fojú di. Ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025 ni mo lò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀dà 2.10 ti ọdún 2018 kò sì kéré. Tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá ti ta àwòrán jí tàbí tó fi òjìji sí ọ̀rọ̀, ó ti wọlé nìyẹn, kò ṣeé tún ṣe mọ́ àfi kí a padà sẹ́yìn. Nísinsìnyí, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kàn dúró lórí àwòrán ni, a lè pa á, a lè tàn án, a sì lè dín in kù nígbàkúùgbà.

Ìwọ̀n ìwé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. A4 jẹ́ mìlímítà 210 sí 297, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán kún ojú ìwé dé etí gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 3 kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà jẹ́ pé bí ọ̀bẹ ìgéwèé bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á hàn létí. Èyí fún wa ní 216 sí 303, tó jẹ́ píksẹ́lì (àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 2551 sí 3579 bí a bá fi 300 sí ínṣì kan, GIMP sì máa ń gba ìwọ̀n yìí ní mìlímítà, tí yóò sì bá wa ṣírò ìyókù. Àwòrán láti inú fóònù tó dára máa ń tó ìwọ̀n yìí, bí wọn kò bá ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, nítorí pé yóò ti súnkì lójú ọ̀nà. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fáìlì.

Ibi tí èèpo ti ń di ojúlówó tàbí ayédèrú ni orí. Nínú magasíìnì gidi, orí ẹni tó wà lójú ìwé sábà máa ń bo díẹ̀ lára orúkọ magasíìnì, èyí sì ni ojú ènìyàn kọ́kọ́ ń wá láìmọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nínú GIMP kò le láti ṣàlàyé: a ó ṣe ẹ̀dà kejì fún ìpele àwòrán, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní layer, a ó fi orúkọ magasíìnì sáàárín ẹ̀dà méjèèjì, a ó sì fi mask bo gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀dà òkè, tí yóò fi ku ìyá náà àti gèlè rẹ̀ nìkan. Níbi tí a bá fi dúdú kùn lórí mask, ohun tó wà níbẹ̀ á pamọ́. Níbi tí a bá fi funfun kùn, á padà yọjú. Kò sí ohun tí a gé sọnù. Ìṣòro rẹ̀ wà létí gèlè. Gèlè aṣọ òkè búlúù ni màmá wé, ó le, ó dúró ṣánṣán, etí rẹ̀ sì hàn kedere, nítorí náà ohun èlò Paths ni mo lò: mo ń tẹ ojú àmì kọ̀ọ̀kan yí etí gèlè ká, mo sì ń tẹ ìlà rẹ̀ kọrọdọ níbi tí ìṣẹ́po aṣọ bá ti yípo. Ó gba sùúrù, àmọ́ ó mọ́ ju ohun tí ohun èlò tó ń yan nǹkan fúnra rẹ̀ lè ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ní ṣóńṣó gèlè lápá òsì, okùn òwú díẹ̀ ti tú síta. Bí ènìyàn bá gé wọn dànù, etí náà á wá mọ́ ju bí ó ti yẹ lọ, á sì dà bí ohun tí a fi sísọ́ọ̀sì gé lẹ̀ mọ́ ìwé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo fi dá àwọn okùn náà padà sórí mask, lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun orí tí kò sí gèlè lórí rẹ̀ á tún nira jù báyìí lọ, ohun èlò Foreground Select ló sì yẹ fún un.

Orúkọ tí a fún magasíìnì náà ni ỌLỌ́JÀ, lẹ́tà márùn-ún, gèlè sì bo ìdajì ìsàlẹ̀ èyí tó wà láàárín. Kò yẹ kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Magasíìnì tí aráyé ti mọ̀ lè jẹ́ kí orí ènìyàn bo lẹ́tà méjì odindi, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí kò sẹ́ni tó rí i rí kò ní irú àǹfààní yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òjìji dúdú sẹ́yìn orí. Mo mọ̀ pé GIMP ní in, ó sì rọrùn láti tẹ̀, àmọ́ òun gan-an ló ń tú àṣírí iṣẹ́ àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́.

Lórí ojú, GIMP lágbára ju ohun tí mo rò pé ènìyàn nílò lọ. Heal ni ohun èlò rẹ̀: a ó tẹ Ctrl láti mú àpẹẹrẹ awọ ara tó dán láti ẹ̀gbẹ́, a ó sì fi kun ibi tí a fẹ́ tún ṣe. Mo fi yọ ìrorẹ́ kan ní iwájú orí, mo sì fi dín òógùn tó ń tàn yanran lórí imú kù, lórí ìpele ọ̀tọ̀, kí awọ gidi lè wà lábẹ́ rẹ̀. Màmá ní pélé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ètò orí fóònù tó ń mú awọ jọ̀lọ̀ kò mọ ilà yàtọ̀ sí àpá, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbá lọ, tí a ó sì gbé obìnrin mìíràn fún àwọn ọmọ pé ìyá wọn nìyí. Heal kì í fọwọ́ kan ibi tí a kò kùn, nítorí náà pélé wà níbi tó wà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú tí ẹ̀rín ń mú wá. Nígbà tó kan ìmọ́lẹ̀, èyí àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pè mí sórí fóònù: “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé màmá wa ń bóra o.” Ohun èlò Curves ni mo lò, mo gbé ibi tó ṣókùnkùn lábẹ́ gèlè sókè díẹ̀, n kò sì fọwọ́ kan ìyókù.

Ọ̀rọ̀ kíkọ ni ibi tí GIMP ti yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe pósítà Yorùbá rí ló mọ ìyà tó wà nídìí àmì. Lẹ́tà À ní ojú kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, nítorí náà ó máa ń jáde dáadáa nínú fọ́ǹtì púpọ̀. Ọ́ kò ní, ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń mú Ọ, tí yóò sì gbé àmì ohùn òkè lé e lórí, bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá sì ti fi ibi tí àmì yóò jókòó sí hàn, àmì náà á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó gun lẹ́tà. Nínú ỌLỌ́JÀ, lẹ́tà méjèèjì yìí wà pọ̀, nítorí náà àléébù fọ́ǹtì kò lè fara pamọ́. GIMP gbé àmì náà sí àárín gbùngbùn nígbà tí mo lo Noto Sans, tó ní oríṣi tó fún tó sì dúdú kíkankíkan, èyí tó yẹ orúkọ magasíìnì gan-an. Charis SIL àti Gentium dára fún ọ̀rọ̀ kéékèèké, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Bí fọ́ǹtì kan kò bá ní Ẹ tàbí Ṣ, GIMP kì í kìlọ̀. Ó kàn ń yá lẹ́tà náà láti inú fọ́ǹtì mìíràn ni. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ wo lẹ́tà alámì kọ̀ọ̀kan bóyá sísanra rẹ̀ bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu.

Àyè tó wà láàárín ìlà náà ṣe pàtàkì. Àkọlé tó tóbi jù lọ ni OGÓJÌ ỌDÚN lórí ìlà kìíní, NÍDÌÍ ẸJA lórí ìlà kejì. Bí a bá fún àwọn ìlà náà pọ̀ bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe é, àmì ìsàlẹ̀ Ọ á bọ́ sórí àmì ohùn Í. Nínú àwọn ètò ohun èlò ọ̀rọ̀, GIMP jẹ́ kí a fẹ àyè yìí díẹ̀díẹ̀, mo sì fẹ̀ ẹ́ títí àmì méjèèjì fi gba ara wọn láyè. Àwọn kan á ní kí a kúkú yọ àmì kúrò lórí èèpo nítorí ẹwà. N kò fara mọ́ ọn.

Àwọn nǹkan tó ṣẹ́ kù kéré, àmọ́ wọ́n níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àkọlé mẹ́ta tó kéré ti tó lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí gbogbo wọn gba ojú ìlà kan náà láti apá òsì, kí àwọ̀ wọn sì wá láti ara aṣọ tí ẹni náà wọ̀. Ohun èlò tó ń fa àwọ̀ jáde ni mo fi mú búlúù láti inú gèlè. Oṣù àti ọdún, iye owó pẹ̀lú àmì ₦, gbogbo wọn ní lẹ́tà wínníwínní lábẹ́ orúkọ magasíìnì. Báákóòdù wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, nínú àpótí funfun. Ti magasíìnì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 977, nọ́ńbà ISSN, tí a fi ń dá ìwé àtìgbàdégbà mọ̀, ló sì máa ń tẹ̀ lé e, èyí tí National Library of Nigeria ń fún àwọn olùtẹ̀jáde nílẹ̀ yìí. GIMP fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó ń ya báákóòdù. Inkscape, ètò ìyàwòrán tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ní in. Fún èèpo ọjọ́ ìbí, kò dára kí a lọ gbé nọ́ńbà magasíìnì gidi kan sí i.

Àwọ̀ ìtẹ̀wé ni ibi tí n kò ti lè yin GIMP tán. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti búlúù ni ojú kọ̀ǹpútà ń lò, íńkì CMYK mẹ́rin (cyan, magenta, yellow àti black) ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, búlúù tó ń dán bíi ti gèlè yìí sì wà lára àwọn àwọ̀ tí íńkì kì í lè dé. GIMP kì í jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ tààrà nínú CMYK. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó fi bí yóò ṣe rí lórí ìwé hàn wá, kí ó sàmì sí ibi tí àwọ̀ ti kọjá agbára íńkì, kí ó sì gbé fáìlì TIFF tàbí JPEG jáde ní CMYK. Gbogbo gèlè ni àmì ìkìlọ̀ náà bò. Mo rọ agbára àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí àmì fi kúrò, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àkọlé. Kí èyí tó lè péye, ó yẹ kí atẹ̀wé fún wa ní fáìlì àbùdá àwọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Atẹ̀wé kan ní Ẹ̀pẹ́ tí mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ wò mí títí, ó ní, “Ẹ ṣáà gbé JPEG wá, sà.” Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ńlá ní Ṣómólú ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ ohun tí à ń wí.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì mọ̀ ni pé GIMP kì í fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, bí iná bá sì lọ, iṣẹ́ tí a kò tíì tẹ Ctrl+S fún ti lọ nìyẹn. Fáìlì XCF rẹ̀ ni kí a máa fi pamọ́, torí pé òun ló ń tọ́jú gbogbo ìpele àti mask. JPEG kò lè ṣe é.

Fún èèpo kan tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ sínú férémù, GIMP nìkan ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, tàbí tó ní ojú ewé inú pẹ̀lú, kí ó parí àwòrán àti orúkọ magasíìnì tó wà lẹ́yìn gèlè nínú GIMP, kí ó wá gbé e lọ sínú Scribus, ètò tí a fi ń to ojú ewé fún ìtẹ̀wé, níbi tí yóò ti kọ àwọn àkọlé yòókù. Scribus ń ṣiṣẹ́ nínú CMYK, ó ń fi àmì ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà sí etí PDF, lẹ́tà kéékèèké á sì mú ṣáṣá lórí ìwé ju èyí tó ti di píksẹ́lì lọ.