Ilé Ọlọ́bẹ̀ Ẹran Ìgbẹ́ Kan ní Kútọ̀

Ilé oúnjẹ kékeré kan tí ó wà nítòsí ọjà Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Òyà tí wọ́n yan kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rọ̀ dáadáa, èéfín ara rẹ̀ kò sì bo adùn irú mọ́lẹ̀. Láfún tí wọ́n bù sí i kò ní kókó rárá. Owó rẹ̀ ga díẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò lè yìn wọ́n fún ẹtu àti ìgalà tí wọ́n ń tà láìdáwọ́ dúró. Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹtu sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí òyà lè bí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, ẹkùn ni ó ń pa wọ́n jẹ; ní báyìí, ẹkùn ti di àwátì ní agbègbè wa, kìnnìún inú ìgbẹ́ tí ó kù ní Nàìjíríà kò sì kọjá ti Yankari àti Kainji, ìbọn ọdẹ ni ó wá gba ipò wọn. Ẹkùn a máa yó. Ìbọn kì í yó.

Bí ẹ bá débẹ̀, òyà ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì tètè lọ, nítorí pé kì í sábà ṣẹ́kù lẹ́yìn ọ̀sán.