Àpótí iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ aláwòrán ewé: ó ń fọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì rẹ̀ kò sọ tán

Ohun tó wà nínú àpótí náà ni aṣọ ọ̀gbọ̀ kan tí wọ́n ti tẹ ẹ̀ka ewé àti òdòdó sí, òrùka igi oníbejì tí a fi ń na aṣọ (ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15), abẹ́rẹ́ méjì, ìdì òwú márùn-ún, àti káàdì tó ń kọ́ni bí a ṣe ń mí bí a bá ń rán an. Aṣọ náà dára gan-an: ó nípọn níwọ̀nba, abẹ́rẹ́ kì í sì í ya á.

Káàdì ní ká mí sínú bí abẹ́rẹ́ bá ń jáde sókè, ká mí síta bí a bá ń fà á wọlé. Lórí igi ewé (ìlà tó gbé ewé dúró), ìmọ̀ràn yìí péye. Fi abẹ́rẹ́ gún iwájú ní mìlímítà 5, mú un jáde ní àárín ibi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, kí òwú máa wà ní apá ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo. Bí òwú bá bọ́ sí apá òkè lẹ́ẹ̀kan péré, ìlà náà á já lójú. Níbi tó bá ti tẹ̀ kọrọdọ, dín in kù sí mìlímítà 3. Nítorí pé ohun kan náà ni ọwọ́ ń ṣe léraléra, èémí máa ń bá a lọ láìfipá mú un, ọkàn á sì rọlẹ̀.

Orí kókó òwú kéékèèké tí à ń ta sí àárín òdòdó ni ìmọ̀ràn náà ti kùnà. Èèyàn máa ń dá èémí dúró níbẹ̀ ni. Ẹ gbàgbé káàdì, ẹ mí bó ṣe wù yín. Wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, dì í mú kó le díẹ̀, kí o sì gún un wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jáde. Má fi gún ojú ihò kan náà, torí kókó náà á já bọ́ sẹ́yìn aṣọ.

Ohun tó burú jù ni pé káàdì kò sọ pé fọ́nrán mẹ́fà ló wà nínú òwú kan. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ rán ewé kékeré á rí i pé ó wú, ó sì ń lu aṣọ níhò. Gé sẹ̀ǹtímítà 45, fa fọ́nrán jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o tó kó méjì pọ̀ fún ewé, mẹ́ta fún igi. Bí o bá fà wọ́n jáde pọ̀, wọ́n á lọ́ mọ́ra. Bí òwú bá sì ń lọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́, jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kó tú ara rẹ̀.

Ewé tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, má rán an láti etí dé etí. Òwú tó bá gùn bẹ́ẹ̀ máa ń ha mọ́ nǹkan. Pín in sí méjì láti iṣan àárín. Gbé ewé gidi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bí o bá lè rí i, kí o wo ibi tí àwọ̀ ewé ti ṣú àti ibi tó ti mọ́lẹ̀. Ìwòran yìí ń tu ọkàn lára tó rírán fúnra rẹ̀, káàdì kò sì mẹ́nu kàn án rárá, èyí tó dùn mí.

Òrùka igi náà ń yọ̀, aṣọ sì máa ń dẹ̀ láìpẹ́. Wé ọ̀já òwú tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ti inú, kí o fún un títí aṣọ á fi dún bí ìlù bí o bá tá a. Tú òrùka náà kúrò bí o bá ti ṣíwọ́, kó má fi àpá sára aṣọ. Gbé iṣẹ́ náà sókè sí àyà pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn á máa dunni.

Omi tútù ló ń fọ àwòrán aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tẹ̀ sórí aṣọ náà kúrò. Má lọ̀ ọ́ ṣáájú fífọ̀, nítorí ooru lè mú kó dì mọ́ aṣọ pátápátá. Kọ́kọ́ fi òwú pupa sórí aṣọ funfun tó rin fún omi, kí o wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. Mo lè sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kó mú àpótí yìí. Orí igi ewé ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó fi kókó sí ìgbẹ̀yìn.