Ìkìlọ̀: iPod àtijọ́ tí wọ́n ní àwọn ti sọ di 512GB

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi iPod àtijọ́ gbọ́ orin nínú ọkọ̀ bíi tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa bá yín fi àyè kún un.

iPod ọdún 2005, èyí tó ní 30GB, ni mo ní. Díìsìkì inú rẹ̀ ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí nǹkan tó ń yí ni, kò fẹ́ gbígbọ̀n rárá. Ohun tí àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí máa ń ṣe ni pé a ó yọ díìsìkì náà, a ó fi ádápítọ̀ kékeré kan rọ́pò rẹ̀, a ó sì ki mẹ́mórì káàdì bọ̀ ọ́. Kò ní sí ohun tó ń yí mọ́, bátìrì á sì pẹ́ sí i. Àtúnṣe tó dára gan-an ni. Inú káàdì ni àwọn oníjìbìtì ti ń rí wa mú.

Ọ̀gbẹ́ni tó ṣe tèmi ki káàdì sí i, ó dé e pa, ó dá a padà fún mi. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo rí nǹkan bíi 476GB. Ọkàn mi balẹ̀, torí iye tí káàdì 512GB tòótọ́ máa ń fi hàn lórí Windows nìyẹn. Mo da gbogbo orin mi sí i. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ayọ̀ kún inú mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo wà lójú ọ̀nà, orin kan fò, èkejì fò, ẹ̀kẹta ò dún. Orúkọ orin wà níbẹ̀, orúkọ olórin wà níbẹ̀, ohùn ni kò sí. Mo rò pé wáyà ọkọ̀ ni, mo pààrọ̀ ẹ̀. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo tún orin kó sí i. Pàbó ló já sí.

Ìgbà tí mo ṣí i tí mo dán káàdì náà wò ni mo rí i pé 32GB ni gbogbo ara rẹ̀. 30GB ni mo gbé lọ fún un o!

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Nínú káàdì, ṣíìpù kan wà tó ń sọ fún ẹ̀rọ bí àyè ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á kọ́ ṣíìpù yẹn ní irọ́. Tí àyè tòótọ́ bá kún, káàdì ò ní ké, kò ní kọ̀, á kàn máa gba orin bí ẹni pé ó ń tọ́jú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń sọ ọ́ nù ni, tàbí kó máa kọ ọ́ lé orí èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iwájú káàdì ni àkójọ orúkọ fáìlì máa ń wà, níbi tó jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń hàn tí orin ò sì dún.

Nítorí náà, ẹ má gba nọ́ńbà tó hàn lójú gbọ́. Ẹ lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán káàdì wò: H2testw lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux. Wọ́n á kọ nǹkan kún káàdì bámúbámú, wọ́n á sì tún un kà padà. Ó ń pẹ́. 512GB tó ń kọ 20MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á gba wákàtí méje fún kíkọ nìkan. Ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀. Bí káàdì bá ti wà nínú iPod, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rí iPod náà bíi díìsìkì, kí ẹ sì dán an wò bẹ́ẹ̀ láìṣí i. Èmi ti ṣí tèmi, ohun tí ọ̀gbẹ́ni yẹn sì dì mú nìyẹn: ó ní èmi ni mo pààrọ̀ káàdì. Kò dá owó mi padà, kò sì gbé ìpè mi mọ́.

Irọ́ mìíràn tún wà tí káàdì gidi pàápàá ò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀. iPod classic 80GB ti ọdún 2007 àti 120GB ti ọdún 2008 kì í lò ju nǹkan bíi 128GB lọ pẹ̀lú sọ́fúwíà tó bá a wá. Ẹni tó bá fẹ́ ta èyíkéyìí nínú wọn fún yín ní 256GB, yálà kò mọ iṣẹ́ ni o, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀. 160GB ti ọdún 2009 ò ní ìṣòro yẹn. Irú tèmi, 30GB ti ọdún 2005, gba káàdì ńlá, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn RAM tó fi ń ṣiṣẹ́, kéré: bí iye orin bá ti ń sún mọ́ 20,000, á bẹ̀rẹ̀ sí í dákú.

Bí ẹni tó ń tà bá ní kí ẹ má dán an wò, pé inú iPod nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi gan-an nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má pa orin kankan rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín.