Omi òjò nínú wáyà: oṣù méjì mi pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì kébù ní Houston

Aago méjì òru ni ní Houston, aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ àbúrò mi ọkùnrin lórúkọ. Èmi ni àkọ́bí ilé wa. Mi ò ráyè lọ, àmọ́ Màámi ti sọ fún gbogbo ẹbí pé wọn ò ní kúrò nídìí orúkọ láìjẹ́ pé mo sọ tèmi. Mo wé gèlè, mo gbé kọ̀ǹpútà ka iwájú. Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ kàn án, ó wá kàn mí. Mo ní, "Ìfẹ́dayọ̀ lèmi sọ ọ́." Àwòrán dì gbagidi, ohùn gé. Nígbà tó padà, Màámi ni mò ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo, "Àdùkẹ́, a ò gbọ́ o! Kí lo pè é?" Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò ju "Ì" àti "yọ̀" tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Pásítọ̀ ní kí wọ́n máa bá àdúrà lọ. Mo jókòó sínú òkùnkùn ti gèlè ti gèlè, mo sunkún.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí nìyẹn. 75 dọ́là ni mò ń san lóṣù fún ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kébù, fún ìyára megabit 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lóru ọjọ́ náà, nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, 11 ni mo bá.

Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé fóònù mi ní kí n pa módẹ́ẹ̀mù, ìyẹn àpótí tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní Wi-Fi ló fa á. Mo ní wáyà ni mo fi so kọ̀ǹpútà mọ́ módẹ́ẹ̀mù tààrà, Wi-Fi ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Ẹnì kejì ní àwọn ará àdúgbò ló ń lò ó pọ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀ o: ilé púpọ̀ ló máa ń pín ìlà kébù kan lò, tó bá di alẹ́ tí oníkálukú ń wo fíìmù, ó lè fà. Àmọ́ aago méjì òru lèmi ń wí! Mo bi í pé ta ló jí ní Alief, àdúgbò wa, lásìkò yẹn tó ń bá mi dù ú. Ó ní kí n kúkú gba ètò megabit 600, pé 25 dọ́là péré ló fi ju tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ ò tíì fún mi ní 300 tí mo sanwó rẹ̀, ẹ tún ń ta 600 fún mi. Síbẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn: wọn kì í jẹ́ kí fóònù pẹ́ kí wọ́n tó gbé e, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí mi láìlọ́wọ̀.

Ọmọ ìjọ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní kí n tẹ 192.168.100.1 síbi tí mo ti máa ń tẹ àdírẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni módẹ́ẹ̀mù ti ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní ilé-iṣẹ́ náà tó dárúkọ rẹ̀ fún mi rí. Agbára àmì tó ń gba wáyà wọlé yẹ kó wà láàrin -7 sí +7 dBmV (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára náà), kó sún mọ́ 0 bó bá ṣeé ṣe. Tèmi jẹ́ -14. SNR, ìyẹn bí àmì náà ṣe ga ju ariwo inú wáyà lọ, yẹ kó ju 33 lọ. Tèmi jẹ́ 29. Mo mú ìwé, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 11. Ọjọ́ karùn-ún ni ojú mi là: gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀ ló ń bàjẹ́ jù. Òjò sì ti rọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ.

Ọmọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá kò lò ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà. Ó pààrọ̀ módẹ́ẹ̀mù, ó wọ̀n ọ́n lórí fóònù rẹ̀, ó rí 180, ó ní ó ti dáa. Mo na ìwé mi sí i, kò wò ó. Lọ́jọ́ kẹta òjò rọ̀, mo bá 9.

Bàbá tó wá lẹ́ẹ̀kejì ni Ọlọ́run fi dá mi lóhùn. Ará Mẹ́síkò ni wọ́n, irun wọn ti funfun. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ka ìwé mi láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Òjò." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn ò tilẹ̀ yà sídìí módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n ṣí àpótí ara ògiri, wọ́n fi splitter olójú mẹ́rin, ìyẹn ohun tó ń pín wáyà kan sí mẹ́rin, tí ayálégbé àtijọ́ fi sílẹ̀ hàn mí. Wọ́n ní nǹkan kékeré yẹn nìkan ń jẹ tó 7 dB nínú agbára náà, bẹ́ẹ̀ ojú kan ṣoṣo nínú mẹ́rin là ń lò. Wọ́n gun àkàbà lọ sí orí òpó, wọ́n gé wáyà tó wá sílé wa, omi kán sí wọn lọ́wọ́! Orí rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti di àwọ̀ ewé. Wọ́n fa wáyà tuntun, wọ́n fún orí rẹ̀ pinpin, wọ́n sì ta á kó lọ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi lè máa kán dànù síbẹ̀. Wákàtí méjì àti ààbọ̀, nínú ooru Houston. Omi tútù nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n parí, agbára jẹ́ -2, SNR jẹ́ 38, ìyára jẹ́ 312. Wọ́n ní kí n dúró de òjò kí n tó dúpẹ́.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. 309. Mo pe Abẹ́òkúta lójú ẹsẹ̀. Màámi gbé ọmọ sójú fóònù, mo ní, "Ìfẹ́dayọ̀." Gbogbo wọn pè é tẹ̀lé mi, mo rí i bí ọmọ náà ṣe yíjú.

Ìwé owó wá dé: 100 dọ́là fún iṣẹ́ tí bàbá yẹn wá ṣe. Wọ́n ní inú ilé mi ni ẹ̀bi wà. Orí òpó ha jẹ́ inú ilé mi bí? Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìdáhùn kan náà. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ 30 sì ni ilé-iṣẹ́ ní láti fèsì. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, obìnrin kan pè mí láti ilé-iṣẹ́ náà, ó tọrọ àforíjì, ó dá 100 dọ́là padà, ó sì yọ owó oṣù kan kúrò. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, ọjọ́ àti aago rẹ̀, kí ẹ tó pè wọ́n. Ìwé mi ni bàbá yẹn kà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè kò jọ 4. Bàbá orí òpó ni mo fún ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.