Kéréènì Bàbá Mi Tún Gbé Gẹdú: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Àwọn Tó Tún Un Ṣe

Owó ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ni gbogbo ẹni tó bá ti rí kéréènì náà máa ń bi mí. Mílíọ̀nù 7 náírà ó lé díẹ̀ ló jẹ mí, oṣù márùn-ún àti ọ̀sẹ̀ méjì ló sì gbà. Mílíọ̀nù 4 àti oṣù méjì la jọ fẹnu kò sí níbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ní ṣé mo tún lè gbé iṣẹ́ fún wọn, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọwọ́ tí mo fi mú wọn lákọ̀ọ́kọ́ kọ́ ni màá tún fi mú wọn.

Sọ́ọ̀mìlì bàbá mi wà lójú ọ̀nà tó jáde ní ìlú Oǹdó lọ sí Ọ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òru ni àwọn agbégilódò ti máa ń tò síwájú ọgbà, kéréènì Coles kan ni bàbá sì fi ń sọ gẹdú kalẹ̀ lórí wọn. Ọdún 2003 ni bàbá kú. Ibi tí wọ́n pa kéréènì sí ló dúró sí, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìgbà tí mo fi máa gba ọgbà náà lọ́wọ́ àwọn ẹbí, igi ìṣin kan ti gba àárín apá rẹ̀ hù jáde, ó sì ti ń so. Orí kéréènì làwọn ọmọ àdúgbò ń gùn ká ìṣin. Àwọn tó ń ra kọ̀ǹdẹ́mù wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fẹ́ fi kílò wọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n gbà. Mo ní ohun tó tọ́ wa dàgbà kọ́ ni wọ́n máa gbé sórí òṣùwọ̀n.

Àwọn mẹ́rin kan láti Àkúrẹ́ ni wọ́n júwe fún mi: bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wa kéréènì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe títì, wẹ́dà kan, rìwáyà kan àti ọmọṣẹ́. Lọ́jọ́ tí bàbá yìí kọ́kọ́ dé, kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá. Okùn wáyà ló fọwọ́ rá, ó wo ìkọ́, ó tẹ bùréèkì wò, ó wá yíjú sí mi: "Màdáámù, bí ẹ́ńjìnnì bá kú lẹ́nu iṣẹ́, inú máa bí yín ni. Àwọn wọ̀nyí ló ń pààyàn." Ibẹ̀ ni mo ti gbà fún un.

Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe Coles. Ilé-iṣẹ́ kéréènì mìíràn tó ń jẹ́ Grove rà wọ́n lọ́dún 1984, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa lọ́dún 1998, torí náà kò sí ibi tá a fẹ́ kọ̀wé sí pé kí wọ́n fi páàtì ránṣẹ́. Irú tèmi yìí, díísù ló ń yí jẹnẹrétọ̀, iná jẹnẹrétọ̀ ló wá ń yí àwọn mọ́tò iná tó ń fa ẹrù sókè, tó ń gbé apá, tó sì ń yí i kiri. Àìsàn méjì nìyẹn lára aláìsàn kan ṣoṣo, ti mẹkáníìkì lọ́tọ̀, ti oníná lọ́tọ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà, Perkins onísílíńdà mẹ́fà, ti dì gbagidi. Àwọn tó kù fẹ́ so báttìrì ńlá méjì pọ̀ kí wọ́n fi sítátà fipá yí i. Bàbá àgbàlagbà yẹn lé wọn kúrò níbẹ̀. Ó tú àwọn nọ́sù, ó da díísù àti ọ́ìlì gíà sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó fi í sílẹ̀. Láràárọ̀ ló ń fi sípánà gígùn dán an wò díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ló mì, kò ju ìdajì àtàǹpàkò lọ, bàbá sì jókòó sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi. Nínú ibi tó ń gba afẹ́fẹ́, a kó ilé eku jáde kún odidi garawa. Abala rìsíìtì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi. Mo mú un, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Owódé Onírin l'Ékòó ni wọ́n ti rí páàtì pọ́ǹpù díísù. Sátidé kan ni ẹ́ńjìnnì jí, èéfín funfun bo gbogbo àdúgbò, ìyàwó pásítọ̀ tó ń gbé lẹ́yìn wa sì sáré wá wò bóyá pákó ti ń jó. (Àwa ọmọ Ẹkímọ̀gún, irin kì í jí kí Ògún má jẹ. Wẹ́dà ní ajá ni. Obì àti epo ni mo rà, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.)

Ibi jẹnẹrétọ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n. Ọ̀rinrin tó ti wọ inú kọ́ìlì rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, bí wọ́n bá gbé iná gbà á bẹ́ẹ̀, ó jó nìyẹn. Rìwáyà gbé gílóòbù méjì sínú rẹ̀, wáàtì 200 ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú ti àtijọ́ tó máa ń gbóná, wọ́n fi tapólì bò ó, ó sùn bẹ́ẹ̀ fún òru márùn-ún bí ẹran tí wọ́n ń yan gbẹ. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi mẹ́gà wọ̀n ọ́n, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá iná ń jò nínú kọ́ìlì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ mẹ́gà kò kúrò lójú òdo; lọ́jọ́ kẹfà, ó ti kọjá 1 megohm dáadáa. Nígbà tó kan dídán àmẹ́ṣọ̀, èyí tó ń yí nínú jẹnẹrétọ̀, níbi tí kábọ́ọ̀nù ń fara kàn, ọmọṣẹ́ mú sáńpépà dúdú tí wọ́n fi ń ha irin. Bàbá gbá a lọ́wọ́. Ó ní iyẹ̀pẹ̀ ara èyí máa ń gbé iná, kó lọ mú ti àwọn káfíńtà wá. Ní sọ́ọ̀mìlì, ìyẹn ò wọ́n wa.

Lẹ́yìn èyí ni rìwáyà gba owó wáyà tó sì di àwátì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ìgbà tó máa dé, ó ní àwọn ń ṣòkú. Mo bá a kẹ́dùn, mo tilẹ̀ fún un lówó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbọ́ pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ló lọ ṣe l'Ọ́wọ̀.

Ọ̀rọ̀ okùn wáyà ló fẹ́ tú wa ká. Tuntun la kọ sínú àdéhùn. Èyí tí wẹ́dà gbé wá ń dán, gírísì bò ó látòkè délẹ̀, ó dúdú rẹ́súrẹ́sú. Ọgbà gẹdú ni wọ́n ti tọ́ mi, mo mọ okùn. Mo ki àkísà bọ kẹrosíìnì, mo nu ibì kan bí apá mi ṣe gùn tó. Àwọn wáyà tín-tìn-tín tó ti já ta jáde níbẹ̀ bí irunmú ológbò, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ti dógùn-ún. Tọ́kùnbọ̀ ni, tọ́kùnbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ parí. Wẹ́dà ń bú ẹni tó tà á fún un. Bàbá kò bú ẹnì kankan. Ó gba gíráíńdà, ó gé okùn náà sí wẹ́wẹ́ lójú gbogbo wa kí ẹnikẹ́ni má baà tún un tà. Mo ra òmíràn fúnra mi, ₦860,000, owó tí mo ti san tẹ́lẹ̀ kò sì padà wá títí di òní.

Ọjọ́ tí wọ́n dè é, àwọn tó kù ti de àwọn gíríìpù tó ń di ìdí okùn mú tán, ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Bàbá ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Irin rìbìtì tó wà lára gíríìpù máa ń tẹ okùn fọ́. Ìdí okùn tó ṣẹ́ padà ló yẹ kó gbá mú, kí ìjókòó rẹ̀ wà lára okùn tó ń gbé ẹrù. Ní ti ìkọ́, ó fi kẹrosíìnì pa á, ó nù ún gbẹ, ó fi ṣọ́ọ̀kì funfun pa á. Ó ní bó bá ti sán níbì kan, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ máa yọ ìlà sára ṣọ́ọ̀kì. A dúró. Kò yọ.

Wọn kò fi gẹdú dán an wò, torí ta ló mọ bí gẹdú tútù ṣe wúwo tó? Kọnkéré ni wọ́n dà, mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga, ìyẹn nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.4. Wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Bùréèkì ọ̀hún, iná ló ń tú u, sípíríǹgì ló ń dì í mú, torí náà bí iná bá lọ, ó yẹ kó gbá ẹrù mú gírígírí. Kọnkéré bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí oorun ń kùn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ pààrọ̀ láínì bùréèkì, ọjọ́ kẹta la tún un ṣe, ó sì dúró lófuurufú fún wákàtí kan. Tọ́ọ̀nù 10 ni wọ́n kọ sára kéréènì, àmọ́ ìgbà tí apá bá nàró tó sún mọ́ ara nìkan ni. Bó ṣe ń na apá jáde ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Bàbá fi ọ̀dà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀ ní Yorùbá, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Ohun tí mo tún bá wọn jà sí ni ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò. Wọ́n fẹ́ gbowó tó kù kí wọ́n máa lọ. Òfin Fáktìrì wa ní kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí yẹ kéréènì wò láàárín oṣù 14 síra, okùn àti séènì láàárín oṣù 6. Èmi ni mo wá olùyẹ̀wò náà, èmi ni mo sanwó rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín láti ọjọ́ kìíní, kẹ́ ẹ sì máa san owó bí iṣẹ́ bá ṣe ń parí, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ra okùn.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí láti oṣù mẹ́rin. Ọ́ìlì ń kán nídìí ẹ́ńjìnnì, a gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní àwọn ti wà lọ́nà. Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ọ̀sẹ̀ kejì rèé.