QGIS: bí ẹ bá fẹ́ kó ọ̀pọ̀ ònkà nípa ará Èkó sójú máàpù kan

Ẹni tó bá fẹ́ kó bí èrò ṣe pọ̀ tó, ọjọ́ orí àti ọ̀rọ̀ ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà l'Ékòó sójú máàpù kan ṣoṣo, QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ni kó lò. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò dátà mọ́ tó bá ti wọ orí kọ̀ǹpútà tán, àfi bí ẹ bá fẹ́ fi máàpù orí ayélujára sábẹ́.

Àpapọ̀ àwọ̀ ló dára jù nínú rẹ̀. Ẹ gbé layer (abala máàpù tó ní ààlà) ìjọba ìbílẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kun ti ìsàlẹ̀ ní búlúù fún iye èrò ní kìlómítà kan níbùú lóròó, ẹ kun ti òkè ní pupa fún ìdá àwọn ọmọdé, kí ẹ wá yí Blending mode (bí àwọ̀ òkè ṣe ń dàpọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀) ti òkè nìkan sí Multiply. Ibi tí méjèèjì bá ti ga á di èsè àlùkò. Bí ti ìsàlẹ̀ náà bá wà ní Multiply, máàpù OpenStreetMap (máàpù ọ̀fẹ́ orí ayélujára) tí ẹ bá fi sábẹ́ á da àwọ̀ rú. Bí ẹ bá pín ònkà kọ̀ọ̀kan sí ìpele mẹ́ta-mẹ́ta, àwọ̀ 9 lẹ ó rí, ó ti pọ̀ jù fún ìjọba ìbílẹ̀ 20. Méjì-méjì ló yé ojú.

Ẹ má kun iye ènìyàn lásán o. Ìkànìyàn 2006 ka 1,277,714 ní Alimosho, ó ka 181,409 ní Epe, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Epe fẹ̀ débi pé òun lojú á kọ́kọ́ rí. Lagos Island ní tirẹ̀ kéré jọjọ, ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú àpótí tí ẹ sún mọ́ra.

Ìdí Join, ìyẹn síso ònkà mọ́ ààlà orí máàpù, ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Fáìlì kan kọ Oshodi-Isolo, èkejì kọ Oshodi/Isolo, ibẹ̀ á ṣófo. Nọ́ńbà kóòdù ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ fi so wọ́n pọ̀. Ẹ yọ kọ́mà inú ònkà náà, torí QGIS lè kà á sí ọ̀rọ̀, Graduated, tó ń kun àwọ̀ gẹ́gẹ́ bí ònkà, ò sì ní rí i.

Àlàyé àwọ̀ àpapọ̀ kì í dá wá. Ọwọ́ lẹ ó fi yà á nínú Layout, ojú ewé tí ẹ ti ń to máàpù fún títẹ̀, èyí sì ń gba àkókò.

Fún ònkà kẹta, ìyẹn ọ̀rọ̀ ilé, ẹ fọ́n àmì róbótó ká, ọ̀kan fún ayálégbé 500, pẹ̀lú irinṣẹ́ Random points inside polygons. Ààlà inú ọ̀pọ̀ fáìlì gba orí ọ̀sà kọjá, nítorí náà àwọn àmì kan á bọ́ sómi. Irinṣẹ́ Difference ni kí ẹ fi gé ọ̀sà kúrò kí ẹ tó fọ́n wọn, àmọ́ ẹ dá ojú omi Makoko sí: àwọn ènìyàn ń gbébẹ̀.